Ẹ̀tọ́ Ìdìbò ní Nàìjíríà

Ẹ̀tọ́ ìdìbò ni àṣẹ tí òfin fún ará ìlú láti yan àwọn tí yóò ṣe ìjọba. Ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ yìí kò tẹ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 1923 ni àwọn ọkùnrin díẹ̀ kọ́kọ́ dìbò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó di 1979 kí àwọn obìnrin Àríwá tó dìbò yan ìjọba àpapọ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ tí Gómìnà Hugh Clifford gbé kalẹ̀ ní 1922 ni ó bí ìdìbò àkọ́kọ́ náà. Ààyè mẹ́rin péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tí a dìbò yàn, mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Calabar. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò bá tó £100 kò lè dìbò. Obìnrin kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ yìí kò sì ní àṣẹ lórí Àríwá, nítorí gómìnà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣòfin fún ibẹ̀.

Àwọn tí òfin kò kà sí kò dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Ìgbò kò ní ọba, ìpàdé ni wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba amúnisìn fi ìwé-àṣẹ yan olóyè lé wọn lórí. Nígbà tí ìròyìn kàn ní 1929 pé àwọn obìnrin pẹ̀lú yóò san owó-orí, wọ́n dìde káàkiri agbègbè Owerri àti Calabar. Ó lé ní 50 nínú wọn tí ìbọn ìjọba pa. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn obìnrin ti ń san owó-orí láìní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí jà títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní 1949.

Nígbà tí ètò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, òfin ìdìbò yàtọ̀ láti ẹkùn dé ẹkùn. Nínú ìdìbò 1959, tọkùnrin tobìnrin ni ó dìbò ní Èkó, Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn. Ní Àríwá, ọkùnrin nìkan ni. Obìnrin Ìbàdàn tí ń ṣòwò ní Sabon Gari ní Kánò kò lè dìbò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin nílé ń dìbò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé iye ènìyàn ni wọ́n fi pín ààyè ilé aṣòfin, tí Àríwá fi gba 174 nínú 312. Wọ́n ka àwọn obìnrin mọ́ iye náà. Wọn kò gbà kí wọ́n dìbò. Ẹ̀sìn àti àṣà ni àwọn aláṣẹ Àríwá fi gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n Málàmù Aminu Kano, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tako wọn láti inú ẹ̀sìn kan náà. Gambo Sawaba, obìnrin inú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, lọ sẹ́wọ̀n léraléra.

Àwọn ológun gba ìjọba ní 1966. Ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn yìí ni ó fún àwọn obìnrin Àríwá ní ẹ̀tọ́ ìdìbò ní 1976, nígbà tí kò sí ilé aṣòfin Àríwá mọ́ tí ì bá kọ̀ ọ́. Àwọn ológun mìíràn ni ó sì fagi lé ìdìbò ààrẹ ti 12 Okúdù 1993, tí wọ́n sọ ìbò ọkùnrin àti obìnrin di asán bákan náà.

Lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀ 1999, ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ti pé ọdún 18, tí ó sì ń gbé nínú orílẹ̀-èdè náà nígbà ìforúkọsílẹ̀, lè dìbò. Àwọn tí ń gbé lókè òkun kò tíì sí nínú rẹ̀.