Dọ́là kan èrè lórí ọgọ́rùn-ún: Bí àwọn tó ń ka káàdì ṣe da ilé tẹ́tẹ́ Amẹ́ríkà láàmú

Ẹni ọdún 28 ni Edward Thorp lọ́dún 1961, nígbà tó gbéra láti agbègbè Boston, níbi tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, tó sì forí lé ìlú Reno ní ìpínlẹ̀ Nevada láti lọ ta tẹ́tẹ́. Owó tó gbé dání kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn oníṣòwò méjì láti New York, tí tẹ́tẹ́ kì í ṣe nǹkan tuntun lójú wọn, ló fẹ́ dá owó náà, $100,000 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Thorp ní ó ti pọ̀ jù, $10,000 ló tó òun. Kí ìrìn àjò náà tó parí, èrè $11,000 ti gun orí owó yẹn.

Nígbà tí ìròyìn náà tàn kálẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé awo kan wà nídìí ẹ̀. Kò sí awo kankan. Ohun tí ọkùnrin oníṣirò yìí ń ṣe nídìí tábìlì kò yàtọ̀ sí ohun tí oníṣọ́ọ̀bù tó mọṣẹ́ ń ṣe lálaalẹ́: ó ń ka ọjà tó ti jáde, kó lè mọ èyí tó kù nínú páálí. Ohun tó yani lẹ́nu ni bí èrè tó wà níbẹ̀ ṣe kéré tó, àti iye àwọn tó mọ ìṣirò náà dunjú tí owó wọn sì tún run.

Tẹ́tẹ́ káàdì tí wọ́n ń pè ní blackjack ni Thorp dojú kọ. Kò ṣòroó yé. Káàdì 52 ló wà nínú páàkì kan. Èyí tí nọ́ńbà 2 dé 10 bá wà lára rẹ̀, iye yẹn náà ni wọ́n ń kà á sí. Àwọn mẹ́ta tó ní àwòrán ọba, ayaba àti ìránṣẹ́ ọba, 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní ace lè jẹ́ 1, ó sì lè jẹ́ 11, bó bá ṣe dára fún ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà kò bá àwọn tó jókòó tì í du nǹkan kan, ilé tẹ́tẹ́ nìkan ló ń bá du. Ẹni tó bá sún mọ́ 21 jù ló jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá 21 ti kú nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ilé tẹ́tẹ́ tó ń pín káàdì kò láṣẹ láti ro ohunkóhun: bí tirẹ̀ kò bá ju 16 lọ, dandan ni kó mú káàdì mìíràn, bó bá ti di 17, dandan ni kó dúró.

Ibi tí ilé tẹ́tẹ́ ti ń jẹun ni pé oníbàárà ló ń kọ́kọ́ ta. Bí oníbàárà bá kọjá 21, wọ́n ti kó owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹni tó ń pín káàdì náà padà kọjá 21 ní ìṣẹ́jú kan sí i. Ohun tí wọ́n fi ń tù ú nínú ni pé bí káàdì méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ace àti oní-10, èyí gan-an ni blackjack, wọ́n á san owó àti ààbọ̀ fún un. Ẹni tó fi $100 ta yóò gba èrè $150.

Dáìsì kì í rántí nǹkan. Ẹni tó bá ju 6 lẹ́ẹ̀mẹta léra, ìjù kẹrin kò mọ̀ nípa ẹ̀. Káàdì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí èyí tó bá ti jáde kì í padà sínú páàkì títí wọ́n á fi tún un pò. Àwọn tó ń ta Wọ́ọ̀tì mọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá rántí pé àwọn oní-2 ti jáde tán kì í bẹ̀rù pé ẹnikẹ́ni yóò ní kóun lọ mú méjì. Ọ̀tayò tó dáńtọ́ náà kì í ta láìka ọmọ ayò tó wà nínú ilé ẹnìkejì rẹ̀.

Ibí yìí ló yẹ kí àwọn tó ń fi owó ọjà ta lọ́tìrì ti fetí sílẹ̀. Nínú lọ́tìrì oní-90 tó gbòde nílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ti ń mú nọ́ńbà márùn-ún, gbogbo 90 ló ń padà sínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó mú òmíràn. Nọ́ńbà tó jáde lánàá kò lè sọ ohunkóhun nípa ti ọ̀la, bó ti wù kí ìwé tí wọ́n ń ṣa àwọn nọ́ńbà àtijọ́ jọ sí nípọn tó. Bí èèyàn bá mú nọ́ńbà méjì pé méjèèjì ni yóò jáde, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 400 ló lè ṣẹlẹ̀. 240 ni wọ́n sì sáábà máa ń san lórí náírà kan. Ìyẹn ni pé nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi ta á, bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, nǹkan bí ₦40 kò ní padà wá. Ẹni tó bá mọ blackjack ta dáadáa, láì tíì ka káàdì rárá, nǹkan bí àádọ́ta sẹ́ǹtì péré ni ilé tẹ́tẹ́ ń jẹ lórí $100 rẹ̀.

Kì í ṣe Thorp ló kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí. Lọ́dún 1956, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin tó wà ní ibùdó Aberdeen, ní ìpínlẹ̀ Maryland, gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí blackjack. Roger Baldwin, Wilbert Cantey, Herbert Maisel àti James McDermott lorúkọ wọn. Adúláwọ̀ ni Cantey nínú wọn. Ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì, irú èyí tí àwọn akọ̀wé owó ń lò láyé ìgbà náà, ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀, wọ́n sì fi hàn bó ṣe yẹ kí èèyàn ta kí àdánù rẹ̀ lè kéré jọjọ. Thorp ka iṣẹ́ wọn, ó wá gbájú mọ́ ìbéèrè kan: bí irú káàdì kan bá ti tán nínú páàkì ńkọ́? Kọ̀ǹpútà IBM 704 tó wà ní MIT ló fi wá ìdáhùn. Ó rí i pé bí àwọn oní-5 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti jáde, ọ̀dọ̀ oníbàárà ni èrè wà. Bí ace bá ti tán, ilé tẹ́tẹ́ ló ni ọjọ́ náà. Ọdún 1962 ló kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tó pè ní Beat the Dealer.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń lò títí dòní, tí wọ́n ń pè ní Hi-Lo, Harvey Dubner ló gbé e jáde lọ́dún 1963, ọmọdé sì lè kọ́ ọ. Bí 2, 3, 4, 5 tàbí 6 bá jáde, kéèyàn fi 1 kún iye tó ń kà lọ́kàn. Bó bá jẹ́ 7, 8 tàbí 9, kó má kà á. Bó bá jẹ́ 10, tàbí èyí tó ní àwòrán, tàbí ace, kó yọ 1 kúrò. Kéékèèké jẹ́ 20 nínú páàkì, ńláńlá náà jẹ́ 20, nítorí náà bí wọ́n bá ka páàkì kan tán, òdo ló gbọ́dọ̀ já sí. Bí iye náà bá ń gòkè, a jẹ́ pé kéékèèké ló ń jáde, ńláńlá ló ṣẹ́kù. Ìgbà yẹn ni blackjack tó ń gba owó àti ààbọ̀ máa ń yá, ìgbà yẹn náà sì ni ẹni tó ń pín káàdì, tí òfin mú lápàpàǹdodo pé kó mú sí i lórí 16, máa ń kọjá 21 jù. Bí wọ́n bá po páàkì tó ju ẹyọ kan lọ pọ̀, wọ́n á pín iye náà sí páàkì tó kù. Bó bá jẹ́ 6 nígbà tí páàkì mẹ́ta kù, 2 ni. Bó bá jẹ́ pé páàkì kan ló kù, 6 pérépéré ni. Ẹni tó ń ka káàdì kò mọ káàdì tó kàn o. Ohun tó mọ̀ ni ìgbà tó yẹ kó fi owó kékeré ta, àti ìgbà tó yẹ kó fi púpọ̀.

Èló wá lèrè? Nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò tó ń ta ìrẹsì kò ní gbà láti jẹ irú èrè bẹ́ẹ̀ láì kùn. Kì í tún í wá létòlétò: èèyàn lè ka káàdì láì ṣàṣìṣe kankan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kó sì máa pàdánù ní gbogbo ọjọ́ náà. Ìdí nìyí tí iye tí èèyàn ń fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fi ṣe pàtàkì ju kíkà náà lọ.

Claude Shannon, ọ̀gá onímọ̀ kan ní MIT, ló tọ́ka Thorp sí iṣẹ́ tí John Kelly, òṣìṣẹ́ Bell Labs, tẹ̀ jáde lọ́dún 1956. Ohun tí Kelly sọ kò le: nínú tẹ́tẹ́ tó ń san iye tí wọ́n fi ta, kí ìdá tí èèyàn máa fi sílẹ̀ nínú ojú owó rẹ̀ má ju ìdá tí èrè rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí èrè rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, $100 ni kó fi ta nínú $10,000. Bí ojú owó bá dín, kí èyí tó ń fi ta dín. Bó bá pọ̀ sí i, kó pọ̀ sí i.

Ẹni tó ń fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ta, bó bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léra, nǹkan bí $9,044 ló ṣì kù nínú $10,000 rẹ̀. Ẹni tó ń fi ìdá 20 ta, pẹ̀lú káàdì kan náà àti òye kan náà, bí $1,074 ló máa kù sí i lọ́wọ́. Ìṣirò náà tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá ń fi ìlọ́po méjì iye tí Kelly sọ ta, tó bá yá, owó rẹ̀ kò ní gbèrú rárá, ẹni tó bá sì kọjá ìlọ́po méjì, yóò run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni èrè wà. Òwò tó dára ni, owó tí wọ́n kó lé e lórí ló pa á.

Thorp kò fẹ́ káwọn tó dá owó kó o ju ohun tó lè mójú tó lọ. Nígbà tó jókòó, $1 sí $10 ló kọ́kọ́ ń fi ta, kò sì gòkè títí ara rẹ̀ fi balẹ̀, kó tó wá mú un dé $500. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá owó kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èrè wọlé tán, ara rẹ̀ gbóná, ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní dìde nídìí tábìlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Thorp ń bẹ̀ ẹ́ pé ó tó gẹ́ẹ́. Kí wọ́n tó rí i fà kúrò níbẹ̀, apá tó pọ̀ nínú èrè náà ti padà sọ́wọ́ ilé tẹ́tẹ́.

Àwọn tó wá sọ ọ́ di iléeṣẹ́ gidi ni àwọn ọmọ MIT kan, ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Lọ́dún 1980, Bill Kaplan, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òwò ṣíṣe ní Harvard, kó wọn jọ, $89,000 ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé fún àwọn olùdókòwò, wọ́n ní èrè $170 làwọn ń retí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan nídìí tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ta gbọ́dọ̀ yege ìdánwò tó le. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, owó náà ti ju ìlọ́po méjì lọ, èrè wákàtí kan sì jẹ́ $162.50. Oníṣòwò mélòó ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tóun rí sún mọ́ ohun tóun ṣírò tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà tí wọ́n gbà sanwó fún àwọn tó ń ta náà tún wuni: wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò àti bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe péye sí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye tó jẹ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí wọn kì í sanwó oríire fún kò ní máa sáré lé oríire kiri.

Ilé tẹ́tẹ́ náà kò káwọ́ gbera. Lọ́dún 1964, àwọn ti Las Vegas yí òfin blackjack padà kí ọwọ́ oníbàárà lè rọ. Àwọn oníbàárà lásán tí kò mọ káàdì í kà ló bínú dìde, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ti dá òfin àtijọ́ padà. Wọ́n tún wá rí i pé ìwé Thorp ń pawó fún àwọn, nítorí ọ̀pọ̀ tó kà á rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n jókòó, wọ́n sì fi owó wọn sílẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, páàkì mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ń pò pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ń tún un pò kó tó tán, wọ́n sì gbé kámẹ́rà sókè orí tábìlì. Ẹni tó ń fi ọpọlọ rẹ̀ ka káàdì kò rú òfin Nevada, àmọ́ ilé tẹ́tẹ́ lè ní kó máa lọ. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wọlé láti fi kà á ló ń fojú balé ẹjọ́, láti ọdún 1985. Ní New Jersey, Ken Uston, tí wọ́n lé jáde torí pé ó ń ka káàdì, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sì dá a láre lọ́dún 1982 pé ilé tẹ́tẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fúnra rẹ̀ lé e.

Thorp ti kúrò nídìí tábìlì ní tirẹ̀. Lọ́dún 1969, ó dá iléeṣẹ́ ìdókòwò sílẹ̀, ó ń fi ìṣirò kan náà ra ìwé ìdókòwò tí iye rẹ̀ kò báramu, ó sì ń ṣe é títí di ìparí àwọn ọdún 1980 láì sí ọdún kan tó parí sí àdánù.

Ní ti àwọn tó ṣì ń ka káàdì, gbólóhùn kan tí wọ́n kọ sára aṣọ tábìlì ló ká wọn lápá ko jù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ọ̀pọ̀ tábìlì ní Las Vegas kò san owó àti ààbọ̀ lórí blackjack mọ́. 6 sí 5 ni wọ́n ń san, ìyẹn $120 lórí $100 dípò $150. Blackjack máa ń bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 21. Bí wọ́n bá pín $30 tí wọ́n yọ yẹn sórí ìgbà 21, nǹkan bí $1.40 ni lórí $100 kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ju gbogbo èrè tí ẹni tó ń ka káàdì ń wá kiri lọ. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni, wọn kò pe ẹ̀ṣọ́. Àwọn àlejò ṣì ń jókòó sídìí tábìlì náà títí di ìdájí.