Máàpù Ìwé Ni Tàbí Máàpù Ẹ̀rọ? Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Tí Ọmọ Yín Ń Bẹ Lójú Òkun

 Ìròyìn ìgbéyàwó, ìkómọ àti ìsìnkú àgbà ni ẹ máa ń bá pàdé jù nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé ọ̀kan nínú wa, a sì rí i pé ó kan ju ilé kan lọ. Ọmọkùnrin ilé náà ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó ẹja láti etí òkun Ìlàjẹ wá sí Èkó. Ó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ láti ra ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀nà hàn lójú òkun. Bàbá ní owó ẹ̀rọ ti pọ̀ jù, pé ìwé ni àwọn òyìnbó fi rin òkun títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa, kí ọmọ lọ ra ìwé. Ìyá ní èyí tí yóò bá mú ọmọ òun padà wá sí èbúté ni kí wọ́n rà. Wọ́n wá ní kí a bá àwọn dá sí i.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ni ó kan ará Sókótó pẹ̀lú òkun, nígbà tí ó lé ní 700 kìlómítà láti ìhín dé Èkó? Ó kàn wá. Odò Sókótó tí a ń rí yìí, inú odò Ọya ni ó ń ṣàn lọ, odò Ọya sì ń lọ sínú òkun. Bákan náà, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gba orí afárá Jẹ́bà kọjá bí a bá ń lọ sílé. Nítòsí Jẹ́bà yìí ni ọkọ̀ Dayspring ti fọ́ mọ́ àpáta ní oṣù kẹwàá ọdún 1857. Ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò tí Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀ ni ó ni ọkọ̀ náà. Glover pẹ̀lú wà níbẹ̀, ẹni tí ó di olórí ìjọba Èkó nígbà tí ó yá, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà. Ọ̀jáfáfá ni wọ́n, ọkọ̀ wọn sì dára. Ṣùgbọ́n kò tíì sí máàpù tí ó fi àwọn àpáta ibẹ̀ hàn bí ó ti yẹ, omi sì gbé ọkọ̀ lù wọ́n. Ohun tí ojú kò rí lábẹ́ omi ni ó fọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí máàpù òkun fi yàtọ̀ sí ti ilẹ̀. Bí kòtò bá wà lójú títì, awakọ̀ yóò rí i. Lójú omi, ibi tí ó jìn àti ibi tí kò jìn, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ lójú. Nítorí náà ni máàpù òkun ṣe kún fún òǹkà: òǹkà kọ̀ọ̀kan ń sọ bí omi ti jìn tó níbẹ̀ nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn tán. Ó tún ń fi òkìtì iyanrìn, àpáta, ọkọ̀ tí ó ti rì àti ilé iná hàn. Láyé àtijọ́, okùn tí a so òjé mọ́ ni wọ́n ń jù sómi láti wọn jíjìn rẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ a máa rán ohùn lọ sí ìsàlẹ̀ omi, a sì máa ka àkókò tí ohùn náà fi padà. Ilé iṣẹ́ máàpù òkun ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń bẹ láti ọdún 1795. Ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà pẹ̀lú ní ọkọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ ìwọ̀n yìí. NNS Lana ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kàn án, ó sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2021.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ bàbá. Máàpù ìwé kì í jẹ bátìrì. Ẹni méjì mẹ́ta lè na ìka sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń fi gbogbo ọ̀nà hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ewu kankan kò sì fara pamọ́ nítorí pé ẹnìkan gbàgbé láti tẹ bọ́tìnnì. Ẹni tí ó ní kọ́ńpáàsì tí ó sì rí ohun méjì tí ó dá mọ̀ lórí ilẹ̀, bí ilé iná àti òpó gíga, lè fi rúlà fa ìlà méjì sórí ìwé. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé, ibẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ìwé a máa gbó. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ilé iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbé àtúnṣe jáde, olúwarẹ̀ ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé. Ìṣòro mìíràn tún ni pé àwọn ìwé àtijọ́ ń fi fátọ́ọ̀mù ka jíjìn omi, àwọn tuntun ń fi mítà kà á. Fátọ́ọ̀mù 1 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2. Ẹni tí ó bá rí 3 lórí ìwé onímítà, tí ó pè é ní fátọ́ọ̀mù 3, yóò rò pé omi jìn tó mítà 5 àbọ̀, nígbà tí mítà 3 péré ni.

Ẹjọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Máàpù ẹ̀rọ ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, ó sì ń fi ọkọ̀ hàn lórí máàpù ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Lálẹ́, nínú òjò, nínú kùrukùru, nígbà tí kò sí ilé iná tí ojú lè rí, àǹfààní ńlá ni èyí. Nítorí rẹ̀ ni òfin àgbáyé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e láàárín 2012 sí 2018 pé kí àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ń rìn láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè ní i.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àìfiyèsí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2013, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ USS Guardian gun àpáta Tubbataha ní ilẹ̀ Philippines. Máàpù ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ti fi àpáta náà sí ibi tí ó fi nǹkan bí kìlómítà 15 jìnnà sí ibi tí ó wà ní tòótọ́. Máàpù mìíràn tí ó tọ̀nà wà. Wọn kò fi ọ̀kan wé èkejì. Ọkọ̀ náà bàjẹ́ débi pé ńṣe ni wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ kó kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2014, ọkọ̀ ìje tí ń jẹ́ Team Vestas Wind, tí ń ti Cape Town lọ sí Abu Dhabi, sáré kọlu àpáta nínú òkun Íńdíà lóru. Àpáta náà wà nínú máàpù ẹ̀rọ wọn, ṣùgbọ́n kì í hàn dáadáa àfi bí a bá mú àwòrán náà tóbi sí i. Ọlọ́run yọ àwọn mẹ́sàn-án tí ó wà nínú rẹ̀.

Etí òkun tiwa pàápàá kò dúró lójú kan. Òkun ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi òkúta ṣe odi sí ẹnu òkun Èkó, iyanrìn ń kó jọ sí apá kan, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ ní apá kejì, níbi tí Bar Beach wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da iyanrìn sínú òkun níbẹ̀ láti kọ́ ìlú Eko Atlantic. Èbúté tuntun ti Lẹ́kkí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Ní Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé àti òpópónà lọ. Máàpù àtijọ́ yóò pe ibẹ̀ ní ilẹ̀. Ọkọ̀ ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí. Nítorí náà, ọjọ́ orí máàpù ṣe pàtàkì ju ohun tí a fi ṣe é lọ.

Kí bàbá sì mọ̀ pé máàpù ìwé ń wọ́n lọ. Amẹ́ríkà ti dáwọ́ ṣíṣe ti ìbílẹ̀ rẹ̀ dúró. Ní 2022 ni ilé iṣẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun yóò ṣíwọ́ ní ìparí 2026. Nígbà tí àwọn atukọ̀ ké gbàjarè, wọ́n sún un síwájú di ó kéré tán 2030.

Ìdájọ́ wa nìyí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí owó bá mọ níwọ̀n, kí wọ́n kọ́kọ́ ra kọ́ńpáàsì àti máàpù ìwé kan ṣoṣo, èyí tí ó bo ọ̀nà tí ọmọ ń rìn, kì í ṣe ti gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tí a ṣe fún ojú omi, tí máàpù inú rẹ̀ jẹ́ tuntun, pẹ̀lú bátìrì àfipamọ́. Ẹ̀rọ ni kí ó máa fi rìn. Ìwé ni kí ó máa fi yẹ ẹ̀rọ wò. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ó fi pẹ́ńsù sàmì sórí ìwé ibi tí ó dé. Bí ẹ̀rọ bá kú, ó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù kù. Àwọn baba wa ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Àwa tí a ti dé Sókótó mọ bí òwe náà ti rí! Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé máàpù òkun pẹ̀lú ti wà nínú àpò ṣòkòtò wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Máàpù tí ń júwe títì nínú fóònù kò mọ jíjìn omi. Bí wọ́n bá fi máàpù òkun gidi sínú rẹ̀, kí wọ́n gbà á sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní èbúté, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé àárín òkun.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà níhìn-ín kò lè bá ọmọ tukọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè bi í ní ìbéèrè mẹ́ta lórí fóònù: Ọdún wo ni wọ́n ṣe àtúnṣe máàpù rẹ kẹ́yìn? Mítà ni òǹkà orí rẹ̀ tàbí fátọ́ọ̀mù? Bí ẹ̀rọ bá kú lóru òní, kí ni ìwọ yóò fi mọ ọ̀nà? Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkólòlò, ẹ súre fún un. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ sọ fún un pé kí ó má tíì já okùn ọkọ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.