Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Èrò Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì nípa Ẹ̀kọ́ Ojúkojú àti Ẹ̀kọ́ Orí Ẹ̀rọ

Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè kì í ṣe tuntun ní Ìbàdàn. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, ètò ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ní 1988, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n tún fẹ́ kàwé. Òun ló di Distance Learning Centre.

Àrùn Kòrónà ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 ni ilé ẹ̀kọ́ tì pa. Ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan náà, kò sì parí títí di oṣù kejìlá. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn wọlé padà ní oṣù kejì ọdún 2021, orí ẹ̀rọ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí sí i? A bá díẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú àwọn tí a ti kọ́ rí ní girama, tí wọ́n ń gbé Agbowó àti Bódìjà. Èrò wọn kò ṣọ̀kan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ tàbí Challenge fara mọ́ ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ: kò ní sáré wọkọ̀, ó sì lè tún ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ gbọ́ lálẹ́. Àwọn mìíràn ní dátà wọ́n, iná kì í dúró. Lójú tiwọn, ẹni tí kò lówó dátà kò yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n tì mọ́ ìta kíláàsì.

Bí a bá wò ó fínnífínní, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Ohùn ni èdè wa fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ohùn nìkan ló ya igbá, igbà àti ìgbà nípá. Bí ohùn olùkọ́ bá ń já lórí fóònù, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mọ èyí tó pè, olùkọ́ náà kò sì ní rí ojú rẹ̀ kó mọ̀ pé kò yé e. Báwo ni a ó sì ṣe tọ́ ẹni tí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ kò gún sọ́nà, nígbà tí orí rẹ̀ nìkan là ń rí?

A kò sọ pé kí a ju ẹ̀rọ nù. Àkọtọ́, ìtàn àti àlàyé ìwé kíkà ṣe é fi síbẹ̀, kí a gbà wọ́n sílẹ̀ kí owó dátà má baà pọ̀. Ṣùgbọ́n fònẹ́tíìkì, ewì alohùn, àlọ́ àti ìkíni, ojúkojú ni kí a ti kọ́ wọn.

Ní ìkádìí, àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní girama lónìí ni yóò wọ yunifásítì lọ́la. Bí a kò bá fi ìpìlẹ̀ ohùn lélẹ̀ fún wọn ní kíláàsì wa, ẹ̀rọ kò ní bá wa fi í lélẹ̀.