Èdè Ipò nínú Àlọ́ Ìjókòó

Irú àlọ́ kan wà tí ó ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní Mowe, Ibafo àti Ifo láti ìgbà tí fóònù ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń mú lọ́wọ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò pè é ní àlọ́ ìjókòó. A óò dárúkọ àwọn ènìyàn kan, a óò sọ iye àyè tí ó wà nílẹ̀, a óò sì sọ ohun tí olúkúlùkù ń fẹ́ tàbí tí kò fẹ́ nípa ibi tí yóò jókòó sí. Iṣẹ́ ẹni tí ń ṣeré náà ni kí ó fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sí àyè tí ó yẹ ẹ́, kí ìfẹ́ gbogbo wọn sì ṣẹ. Ọ̀kan nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni Is This Seat Taken?, tí ó jáde ní 2025. Nínú rẹ̀, ẹnì kan fẹ́ jókòó ti fèrèsé ọkọ̀, ẹlòmíràn kò fẹ́ ariwo nítòsí rẹ̀, òmíràn kò sì lè fara da òórùn. Kò sí aago tí ń lé ọmọ, bí ó bá sì ṣì í gbé, ojú ẹni tí ó gbé síbi tí kò fẹ́ ni yóò fi mọ̀.

Àlọ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní 1962 ni ìwé ìròyìn Life International tẹ irú rẹ̀ kan jáde tí ó di olókìkí káàkiri ayé. Ilé márùn-ún ni a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú rẹ̀, a sì ní kí òǹkàwé wá ẹni tí ń mu omi àti ẹni tí ó ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Àwọn kan lè wí pé ìṣirò ni èyí, kò kan olùkọ́ Yorùbá. A kò gbà pẹ̀lú wọn. Láti 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀, ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, a ti rí ìwé ìdánwò kan, tí a kò ní dárúkọ ilé-ìwé tí ó ti wá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti pàdánù gbogbo máàkì tí ó wà fún irú ìbéèrè yìí. Nígbà tí a ka ìdáhùn wọn fínnífínní, a rí i pé wọ́n tọ̀nà bí a bá gba ìbéèrè náà bí àwọn ọmọ náà ti gbà á. Èdè tí a fi gbé ìbéèrè kalẹ̀ ni ó ní ojú méjì. Èyí ni a fẹ́ tú wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Àwọn márùn-ún jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní gáréèjì Mowe, wọ́n kọjú sí títì márosẹ̀: télọ̀, tíṣà, ẹlẹ́fọ̀ọ́, oníbúrẹ́dì àti awakọ̀. Apá òsì wọn ni ọ̀nà Èkó, apá ọ̀tún wọn ni ọ̀nà Ìbàdàn. Tíṣà wà ní àárín gan-an. Télọ̀ wà ní ìkángun. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti tíṣà kò fara kan ara wọn. Oníbúrẹ́dì wà ní ọwọ́ ọ̀tún télọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni láàárín àwọn méjèèjì. Báwo ni wọ́n ṣe jókòó?

Bí a kò bá sọ nǹkan kan nípa wọn rárá, ọ̀nà 120 ni wọ́n lè gbà jókòó: ẹni àkọ́kọ́ ní àyè 5 láti yàn, ẹnì kejì ní 4, ẹnì kẹta ní 3, ẹnì kẹrin ní 2, èyí tí ó bá ṣẹ́kù sì ni ti ẹni ìkẹyìn. Ọmọ tí ó bá ń dán gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ yóò ṣú bá a. Kí ó kọ́kọ́ wá gbólóhùn tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Tíṣà wà ní àárín gan-an, ó parí. 120 ti di 24. Télọ̀ wà ní ìkángun kan tàbí èkejì. 24 di 12. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ńkọ́? Àyè méjì tí ó wà ní ọ̀tún àti òsì tíṣà ti di èèwọ̀ fún un, ìkángun nìkan ni ó kù, télọ̀ sì ti gba ọ̀kan níbẹ̀. Nítorí náà, ìkángun kejì ni tirẹ̀. 12 di 4. Ìgbà yìí ni ó tó kan gbólóhùn tí ó gùn jù. Bí oníbúrẹ́dì yóò bá wà ní ọ̀tún télọ̀, télọ̀ kò lè wà ní ìkángun ọ̀tún, nítorí kò ní sí ẹni tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá ibẹ̀. Láti apá Èkó lọ sí apá Ìbàdàn, wọ́n tò báyìí: télọ̀, oníbúrẹ́dì, tíṣà, awakọ̀, ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ẹ kíyè sí i pé a kò sọ ohun kan nípa awakọ̀ rárá. Àyè tí ó ṣẹ́kù ni ó gbà. Àwọn ọmọ kò fẹ́ràn èyí. Wọ́n a máa wá gbólóhùn tí ó dárúkọ rẹ̀ kiri, bí wọn kò bá rí i, wọ́n a ní ìbéèrè náà kò pé.

Ọ̀tún ta ni?

Àwọn tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì yìí kọjú sí títì. Ẹni tí ó bá dúró létí títì tí ó ń wò wọ́n, ọ̀tún tirẹ̀ ni òsì tiwọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ọmọ tí ó bá ya àwòrán wọn sínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n kọjú sí i. Bí ọmọ náà bá fi ọ̀tún ara rẹ̀ túmọ̀ gbólóhùn nípa oníbúrẹ́dì, télọ̀ yóò bọ́ sí ìkángun apá Ìbàdàn, ẹlẹ́fọ̀ọ́ yóò sì bọ́ sí apá Èkó. Gbogbo rẹ̀ ti yí padà bí ìgbà tí ènìyàn bá wo dígí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ni ìyípadà yìí ń bà jẹ́, ibí yìí gan-an ni ó yẹ kí olùdánwò fi ojú sí. Bí a bá bi ọmọ pé, ‘Ta ni ó wà láàárín tíṣà àti ẹlẹ́fọ̀ọ́?’ awakọ̀ ni yóò dáhùn, ìbáà jẹ́ ọ̀tún àwọn tí ó jókòó ni ó lò, ìbáà jẹ́ ọ̀tún ara rẹ̀. Bí a bá bi í pé, ‘Ta ni ó wà ní ìkángun òsì?’ télọ̀ náà ni yóò jẹ́, bí ó bá ṣáà ti di ojú kan ṣoṣo mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé, ‘Ta ni ó wà ní ìkángun apá Èkó?’ ọ̀kan yóò wí pé télọ̀, èkejì yóò wí pé ẹlẹ́fọ̀ọ́. Bákan náà ni bí a bá fi àwòrán sí abẹ́ ìbéèrè tí a sì ní kí ó kọ orúkọ sórí àga kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ọ̀tún àti òsì bá pàdé àwòrán tàbí orúkọ ibìkan ni ìdáhùn ń pín sí méjì.

Èdè wa kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú oyè jíjẹ, Ọ̀tún Balógun ni ọwọ́ ọ̀tún Balógun, Òsì Balógun ni ọwọ́ òsì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń wo ọwọ́ àlejò tí ó wá kí wọn kí ó tó mọ ẹni tí í ṣe Ọ̀tún. Ara ẹni tí a dárúkọ ni a fi ń ka ọ̀tún àti òsì rẹ̀, èyí ni a sì gbà pé ó yẹ kí olùdánwò di mú. Síbẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìbéèrè pé ọwọ́ àwọn tí ó jókòó ni òun ń sọ, nítorí àwòrán inú ìwé àti ojú fóònù ti kọ́ àwọn ọmọ ní àṣà mìíràn. Kí ó sì ṣọ́ òǹtẹ̀wé dáadáa: àmì kan ṣoṣo lábẹ́ lẹ́tà ni ó wà láàárín òsì àti òṣì. Àwọn àgbà tí ń pe òsì ní ọwọ́ àlàáfíà mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.

Fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ọkọ̀ sàn ju bẹ́ǹṣì lọ. Nínú dáńfó tí ń ná Mowe àti Ibafo sí Bẹ́gà, iwájú ni gbogbo èrò kọjú sí, ọ̀tún èrò kan náà sì ni ọ̀tún ọkọ̀. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní ọ̀tún, òsì ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó, ẹnu ọ̀nà èrò sì wà ní ọ̀tún. Ọmọ mọ èyí láìkà á nínú ìwé. Ohun tí ó kù tí ó lè dà á láàmú níbẹ̀ ni ‘níwájú’. ‘Ó jókòó níwájú Bísí’ lè jẹ́ pé ó kẹ̀yìn sí Bísí nínú ìlà tí ó ṣáájú, ó sì lè jẹ́ pé ojú wọn kọ ara wọn. ‘Ìlà tí ó ṣáájú ti Bísí’ kò ní ojú méjì.

Ẹ̀gbẹ́, àárín àti òǹkà

‘Lẹ́gbẹ̀ẹ́’ náà ń ṣe ẹ̀tàn. Bí ènìyàn bá wí pé òun ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kò sí ẹni tí yóò ní dandan kí ògiri rẹ̀ fara kan ìsọ̀. Bí a bá yọ ‘kò sí ẹnikẹ́ni láàárín àwọn méjèèjì’ kúrò nínú àlọ́ wa, oníbúrẹ́dì lè wà ní àyè kejì tàbí ìkẹrin, ìdáhùn sì di méjì. ‘Láàárín’ pàápàá rí bẹ́ẹ̀: tíṣà wà láàárín télọ̀ àti ẹlẹ́fọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò fara kan èyíkéyìí nínú wọn.

Èyí tí ó le jù ni òǹkà. ‘Ta ni ẹnì kẹta sí télọ̀?’ Bí a bá ka télọ̀ mọ́ ọn, tíṣà ni. Bí a kò bá kà á mọ́ ọn, awakọ̀ ni. Àṣà òǹkà Yorùbá ni láti ka ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìjẹta ni ọjọ́ tí ó ṣáájú àná, nítorí pé òní jẹ́ ọ̀kan, àná jẹ́ méjì. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ àbáláyé, síbẹ̀ ọrún ni a ń pe ọjà tí a ń ná nínú rẹ̀. Ti ọjọ́ mẹ́jọ ni ìsán, ti mẹ́rìndínlógún ni ìtàdógún. Ọmọ Ifo tí ń bá ìyá àgbà rẹ̀ ka ọjọ́ ọjà yóò wí pé tíṣà. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé wọn yóò wí pé awakọ̀. Bí olùdánwò bá fẹ́ awakọ̀, kí ó kọ ọ́ pé, ‘Ta ni ó jókòó tí ènìyàn méjì wà láàárín òun àti télọ̀?’

Ní ti máàkì, a kò fara mọ́ ọn kí a kó gbogbo rẹ̀ lé ìdáhùn ìkẹyìn lórí. Bí ìbéèrè bá gba máàkì márùn-ún, kí mẹ́ta jẹ́ ti ìgbésẹ̀ tí ọmọ kọ sílẹ̀: ẹni tí ó kọ́kọ́ fi sípò, ẹni tí ó lé kúrò ní àyè kan, àti ìdí rẹ̀. Bí ìbéèrè kò bá sì sọ ọ̀tún ẹni tí a ń wí, ọmọ tí ó bá tò wọ́n ní òdì-kejì ìwé ìdáhùn olùdánwò, tí gbogbo gbólóhùn sì bá ohun tí ó tò mu, máàkì márààrún ni tirẹ̀.