Àìní Ọ̀rá Lára àti Àwọn Àìsàn Tó Ń Tẹ̀lé E

Bí a bá dárúkọ ọ̀rá ara, bí a ó ṣe dín in kù ni ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ọ̀rá kò sí lábẹ́ awọ wọn rárá, tàbí tí ó gbẹ kúrò ní apá, ẹsẹ̀ àti ojú wọn. Lipodystrophy ni àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn yìí. Nítorí pé kò wọ́pọ̀, ẹlòmíràn a rò pé àìjẹunkánú ni, ẹlòmíràn a sì ní ọwọ́ ayé ni.

Bí àká ni ọ̀rá abẹ́ awọ rí: ibẹ̀ ni ara ń kó agbára oúnjẹ tí kò tíì lò pamọ́ sí. Bí kò bá sí àká, inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti iṣan ẹran ara ni ọ̀rá náà yóò gbà lọ. Ẹ̀dọ̀ a wú, ó sì lè bàjẹ́ pátápátá. Insulin kì í ráyè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àtọ̀gbẹ tó ṣòro láti kápá a sì bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn láti ìgbà ọ̀dọ́. Bí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, lè wú lójijì. Inú rírun yìí kì í ṣe kékeré. Ó lè gba ẹ̀mí.

Ọ̀rá náà ló ń pèsè leptin, èròjà tó ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé a ti yó, èyí tí wọ́n ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní 1994. Ọmọ tí leptin rẹ̀ kéré a máa jẹun láì yó. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà.

A lè jogún àìsàn yìí lọ́dọ̀ òbí méjì tí ara wọn le, gẹ́gẹ́ bí fòníkú-fọ̀ladìde. Oògùn HIV àtijọ́, pàápàá stavudine, náà a máa jẹ́ kí ọ̀rá ojú àti ẹsẹ̀ gbẹ. Ní 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a máa yọwọ́ kúrò nínú lílò rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn HIV lónìí kò gbọdọ̀ tìtorí èyí dá a dúró.

Bí ọmọ bá ń jẹun dáadáa, tí iṣan rẹ̀ yọ síta, tí ikùn rẹ̀ wú, tí awọ ọrùn àti abíyá rẹ̀ dúdú tó sì nípọn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi epo àti ẹran ọlọ́ràá kún oúnjẹ rẹ̀ kí ó lè sanra: inú ẹ̀dọ̀ ni yóò kó o sí.