Ìgbà Ìwọ́wé ní Kíláàsì Jẹ́lé-ó-sinmi: Àpẹẹrẹ láti Agbègbè Tchaourou

Mẹ́rin ni àkókò inú ọdún nínú àwọn ìwé àwòrán tí ó ń ti ilẹ̀ Faransé wá sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀kan nínú wọn ni automne: ewé pupa, ewé aláwọ̀ ọsàn, ọmọ tó wọ ẹ̀wù òtútù, tí ó ń ṣa èso igi tí kò sí ní Tchaourou rárá. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè há ọ̀rọ̀ náà sórí láàárín ọjọ́ kan. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni nǹkan tí ọmọ náà rò pé ó túmọ̀ sí.

Ẹ̀ẹ̀kan ni àsìkò òjò máa ń wà lọ́dún ní agbègbè yìí, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀rùn ló tẹ̀lé e, ọyẹ́ sì wà láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, nígbà tí ewé ń já ní ilẹ̀ Faransé, tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé níbí, iṣu ni wọ́n ń wà ní Tchaourou, ẹ̀pà ni wọ́n ń hú. Ewé tiwa kò tíì wọ́. Ó di nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kejì kí tíìkì, oṣè àti àràbà tó wà ní ìhòòhò.

Ní ilẹ̀ òtútù, ojúmọ́ tó ń kúrú àti òtútù ló ń mú igi wọ́wé. Níbí, ilẹ̀ tó gbẹ àti afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan náà ni igi méjèèjì ń dá: ojú ewé ni omi ń gbà jáde lára igi, igi tí kò bá rí omi fà dáadáa á sì jọ̀wọ́ ewé rẹ̀ kí ó má baà kú. Ọmọ tí a bi pé ìgbà wo ni ewé ń já, tí ó dáhùn pé ìgbà ọyẹ́, òótọ́ ló sọ. Bí olùkọ́ bá ní ó ṣì í, ohun tí ọmọ náà kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé kí òun má ṣe gba ojú ara òun gbọ́ ní kíláàsì.

Kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ jáde nínú ọyẹ́, kí wọ́n dúró sábẹ́ tíìkì, kí wọ́n tún lọ sábẹ́ máńgòrò tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Kí ó bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, kí ó sì dákẹ́ díẹ̀. Ewé tíìkì gbígbẹ tóbi ju orí ọmọ lọ. Ó ń dún lẹ́sẹ̀, ó ń rún lọ́wọ́. Wọ́n lè tò ó láti ńlá dé kékeré, kí wọ́n kà á. Nígbà tí òjò bá dé, kí wọ́n padà sábẹ́ igi kan náà, kí wọ́n fọwọ́ ra ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé rẹ̀: àtẹ́lẹwọ́ wọn á pọ́n bí ẹni lé osùn. Èmi kò mọ ohun ìkọ́ni tó dára ju èyí lọ, kò sì ní owó nínú. Láti ọdún 2006 ni ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba kì í ti í gba owó ilé-ìwé mọ́. Kò yẹ kí a wá fi bébà aláwọ̀ mèremère di ẹrù lé òbí lórí.

Ìkìlọ̀ kan wà. Ẹ̀pà àti àgbàdo dára fún ìṣirò, ṣùgbọ́n wọ́n lè há ọmọ lọ́fun, àgbà gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n. Kórò kajú, tí ó máa ń pọ̀ nílẹ̀ láti oṣù kejì, kí wọ́n má fi eyín là á: oje inú èèpo rẹ̀ a máa jó awọ ara.

Nínú kíláàsì kan náà ni ọmọ Nàgó, ọmọ Bàrìbá àti ọmọ Fúlàní máa ń jókòó sí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bèèrè nílé ohun tí ìyá rẹ̀ ń pe ọyẹ́, kí ó mú un wá lọ́jọ́ kejì, kí gbogbo wọn pè é. Ìgbà náà ni kí a tó gbé àwòrán ilẹ̀ Faransé kalẹ̀, kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn wí ohun tí igi ibẹ̀ àti igi ẹ̀yìn kíláàsì wọn fi jọra.