Ṣé o mọ̀? Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ń ròyìn odò

Ṣé o mọ̀ pé àrùn kan wà tí ọmọ aràn rẹ̀ ń gbé inú awọ, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń tú àṣírí rẹ̀? Ìnàrun ni, èyí tó ń yún ni títí ojúgun á fi rí tóótòòtó bíi ti ẹkùn, tó sì ń fọ́ ni lójú.

Ní orílẹ̀-èdè Tógò, àárín Sokodé àti ẹnubodè Benin ni odò Mono ti ṣẹ̀, ní agbègbè Tchamba àti Kambolé tí àwọn ará wa ń gbé. Omi odò tó ń sáré gan-an ni eṣinṣin dúdú tó ń tan ìnàrun kálẹ̀ fẹ́ràn láti yé sí. Omi adágún kò wù ú. Abo rẹ̀ nìkan ló sì ń mu ẹ̀jẹ̀!

Abo aràn ìnàrun lè gùn tó ìdajì mítà. Akọ rẹ̀ ńkọ́? Kò tó ìka ọwọ́ rẹ!

Láyé ọjọ́sí, awọ ìbàdí ni wọ́n ń gé bíńtín, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, kí wọ́n máa retí kí ọmọ aràn wẹ̀ jáde, nígbà mìíràn títí di wákàtí 24. Lóde òní, wọ́n á gún ìka, ẹ̀kán kan ti tó. Ov16 ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò náà, kì í sì í wá aràn rárá: ohun ìjà tí ara ti rọ dè é ló ń wá.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù rèé: ẹ̀jẹ̀ kì í gbàgbé bọ̀rọ̀. Àgbà tí aràn ti kú lára rẹ̀ ṣì lè ní àmì ohun ìjà yẹn. Nítorí náà, kí wọ́n tó dá oògùn pípín dúró, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn tí àmì bá hàn lára wọn kò gbọdọ̀ tó ẹyọ kan nínú 1,000. Ọmọdé ló ń jẹ́rìí fún odindi ìlú!

Oògùn tí wọ́n ń pín náà, ivermectin, ńkọ́? Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn gíga rẹ kí wọ́n tó mọ iye tí wàá gbé mì.

Jàbùtẹ̀, àrùn aràn mìíràn, yàtọ̀ pátápátá: inú ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ aràn tirẹ̀ wà, àmọ́ òru ló ń jáde, nítorí náà òru ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fojú rí i! Lọ́dún 2017, Tógò ló kọ́kọ́ borí rẹ̀ ní gúúsù Sàhárà.

Ní ti ìnàrun, orílẹ̀-èdè Niger ló ṣáájú ní Áfíríkà, ní oṣù kìíní ọdún 2025. Tógò, ó kù sọ́wọ́ rẹ o!